Snow Inú Àwòrán Kò Tutù

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Mi ò rí ìyá mi kó tó kú. Kì í ṣe pé ọ̀nà dí. Kì í ṣe pé owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí. Àwòrán ni kò jẹ́ kí n lọ, àwòrán méjì: ọ̀kan tí mo fi ránṣẹ́ sí i, àti ọ̀kan tó fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ fara balẹ̀ bá mi jókòó. Ọ̀rọ̀ tí a bá kánjú sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀.

Iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe ní Calgary, ní Canada, nígbà tí epo ṣì lówó lórí. Kì í ṣe àwòrán ẹlẹ́wà o. Páìpù ni mò ń yà. Bí àwọn ẹnjiníà bá ti ya bí páìpù ṣe yẹ kó rí, tí àwọn oníṣẹ́ sì ti rì í mọ́lẹ̀ tán, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ pẹ̀lú tépù àti pẹ́ńsù kí n lọ wo bó ṣe rí gan-an. Ohun tó wà lórí bébà àti ohun tó wà nílẹ̀ kì í sábà bára mu. Wọ́n ní kí páìpù gba ọ̀tún, àpáta dúró síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ gbé e gba òsì. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òsì ló gbà. As-built ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, tó wá lọ gbára lé àwòrán irọ́, ikú ló ń gbẹ́ yẹn. Mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe iṣẹ́ náà, wọn ò bá irọ́ lọ́wọ́ mi rí.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, layoff bẹ̀rẹ̀. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lífíìtì ní ọ́fíìsì wa. Ẹni tí wọ́n bá pè síbẹ̀ kì í padà sí tábìlì rẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tí ì pè yín sí yàrá àdúrà?" "Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbàdúrà fún, olórí ẹ." Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo kó ife mi, bàtà site mi, àti aṣọ iṣẹ́ coverall búlúù tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.

Ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ tiẹ̀ kò bọ́. Òun ló ń gbé ilé wa ní àdúgbò Temple dúró. Èmi náà wá iṣẹ́ títí, nígbà tó yá mo rí ọ̀kan ní àdúgbò Forest Lawn, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi férémù sí fọ́tò àti àwòrán. Ìyá arúgbó kan ló ni ín. Ará Japan ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Canada ni wọ́n bí i sí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ń wá ẹni tó lè wọn nǹkan kó má sì ṣì í.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo tẹrí ba, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, bí a ti ń ṣe fún àgbà níbi tí àyè dídọ̀bálẹ̀ kò bá sí. Òun náà tẹrí ba. Ojú tì mí pé irú àgbà yìí ń tẹrí ba fún mi, ni mo bá tún lọ sílẹ̀ sí i. Òun náà tún lọ sílẹ̀. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí tó fi gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀ mú.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yìn mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìwọ lo borí."

Màmá ni mò ń pè é. Ó bi mí pé ṣé mi ò ní ìyá tèmi ni. Mo ní mo ní in, ó wà ní Ìkìrun, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ìyá kì í pọ̀ jù.

Ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oníbàárà kò lè dé, àwòrán kan wà lógiri. Bébà mẹ́ta ni, tí wọ́n tò mọ́ra tó di ọ̀kan. Igi ni wọ́n gbẹ́, tí wọ́n fi ọ̀dà sí, tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ogun àtijọ́ kan ni, ogun tí Japan bá Rọ́ṣíà jà. Àwọn sójà Japan dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn òkìtì snow, ọ̀gá wọn gbé idà sókè, àwọn ọ̀tá ń sá lọ lápá òsì. Snow ń bọ̀ láti òkè ní funfun kíníkíní. Ẹ ò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wò ó nígbà tí mo bá ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ojú iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo ní, "Màmá, ẹni tó ya àwòrán yìí kò débẹ̀."

Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Kí lo rí?"

"Kò sí èémí lẹ́nu wọn, mà. Láàárọ̀ yìí tí mò ń dúró de bọ́ọ̀sì, èémí mi ń rú bí èéfín, ó ń di yìnyín mọ́ mi nírùngbọ̀n. Àwọn wọ̀nyí pọ̀ tó báyìí, ẹnu wọn gbẹ. Bàtà wọn ń dán. Wọ́n rìn débẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan nínú snow. Snow yìí kò tutù."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò kúrò ní Tokyo. Ìròyìn á wọlé pé a ti ṣẹ́gun níbì kan, ayàwòrán á jókòó ti iná, á ro bó ṣe yẹ kó rí, á yà á kíákíá kí ẹlòmíràn tó yà á. Wọn ò tí ì sin òkú tán lójú ogun, àwòrán ìṣẹ́gun ti wà lójà.

"Irọ́ ni," ó ní. "Irọ́ tó ń ta ogun ni. Ìyá kan á rí i, á ní ogun mà dára o, á fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ. Ìdí nìyẹn tó fi wà lẹ́yìn níbí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i kó ní ó wu òun."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tọ́jú ẹ̀ nígbà náà, mà?"

Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní bàbá bàbá òun wà nínú ogun yẹn. Òtútù gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì níbẹ̀. Ó máa ń sọ fún un pé snow ibẹ̀ kì í ṣe funfun, ẹrẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún, ìyá rẹ̀ ló ra àwòrán náà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó mú ọ̀kan nínú àwọn sójà yẹn, ó ní ọmọ òun nìyí. Àràárọ̀ ló ń gbé ife tíì kan síwájú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ padà dé, tó ń tiro, ìyá nawọ́ sí ògiri, ó bi í pé, "Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

"Kí ni wọ́n wí, mà?"

"Ó ní bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Mo wá sọ pé bàbá mi náà bá àwọn èèyàn wọn jagun ní Bọ́mà, nígbà tí òyìnbó kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ.

"Àwọn èèyàn ta ni?" Ojú rẹ̀ le. "Nígbà tí bàbá ẹ wà ní Bọ́mà, ìjọba Canada ti lé èmi àtàwọn òbí mi kúrò létí òkun, wọ́n kó wa wá sí oko bíìtì ní Alberta níbí, torí pé ojú wa jọ ti ọ̀tá. Gbogbo ohun tó jẹ́ ti Japan ni ìyá mi fi dáná. Èyí nìkan ni bàbá àgbà fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ mi. Èwo ni tèmi ní Bọ́mà?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò bínú. Ṣé ó pa ẹnikẹ́ni?"

"Kò yìnbọn rí, mà. Ẹrù ló ń fi orí rù fún wọn."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ni mo bá sọ ti oríkì fún un. Tíṣà ni ìyá mi, ṣùgbọ́n ó gbọ́ oríkì bí ẹni mumi. Nígbà ayé bàbá mi, bó bá ń kì í láàárọ̀, á ní, "Arógunmáyẹsẹ̀, ó dé Bọ́mà, ọta ìbọn di omi lára ọkọ mi." Bàbá mi á ní, "Ìyàwó, ìrẹsì ni mo rù o." Ìyá mi á ní, "Ẹ dákẹ́ jàre. Ta ní í fi ẹrù ìrẹsì ki ọkọ ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ìyá tó ń gbé tíì fún àwòrán yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Torí mi ò tí ì sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ ti bọ́. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mò ń pè é, mò ń sọ̀rọ̀ ọ́fíìsì tí mi ò lọ. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ìtàn Màmá, ara tù mí. Mo ní sójà ni mí, inú snow ni mo wà. Bí àwòrán tó mọ́ bá lè mú kí ìyá mi sùn, kí ló burú níbẹ̀?

Ní Saturday kan mo já ọ̀rá coverall yẹn, mo wọ̀ ọ́, mo dé akoto, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a wọ train lọ sí downtown. Mo dúró níwájú ilé gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo gbé fóònù fún un.

"Daddy, you don't even work here anymore."

"Mo mọ̀. Ya fọ́tò."

"So it's fake?"

"Kì í ṣe fake. Grandma ló fẹ́ rí mi."

"Then just send her your face."

Mo ní, "Tẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́, òtútù ń mú mi." Ó tẹ̀ ẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àbúrò mi obìnrin, òun àti ìyá wa ni wọ́n jọ ń gbélé.

Lọ́jọ́ kejì ìyá mi fi ohùn ránṣẹ́. Ó kí mi, ó kì mí. "Ọmọ Arógunmáyẹsẹ̀, ọmọ a-rìn-nínú-ogun-bí-ẹni-ń-lọ-ọjà." Tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni èémí tó fi ń ki oríkì yẹn tán. Lọ́dún yẹn, á ki í dé àárín, á dákẹ́, àbúrò mi á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á fi ẹ̀rín parí rẹ̀. Mo ní network ni.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni àbúrò mi fi fọ́tò tiwọn ránṣẹ́. Ìyá mi jókòó sórí àga onítìmùtìmù nínú léèsì funfun, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí àga náà títí dé ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo tẹ̀ ẹ́ ńlá, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí n fi férémù sí i.

Kí a tó gé páálí tó máa yí fọ́tò ká, Màmá máa ń fi awò wo gbogbo etí rẹ̀, kó má lọ bo ohun tó yẹ kó hàn. Ó wò ó títí.

"Ta ló dì í mú?" ó bi mí.

"Báwo, mà?"

Ó fi ẹnu pẹ́ńsù hàn mí. Ní ìbàdí ìyá mi lápá òsì, níbi tí léèsì ti pàdé aṣọ àga, ìka mẹ́rin wà níbẹ̀. Ìka ènìyàn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní aṣọ ló ká bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ tó o rí i pé sójà kò mí," ó ní, "o ò rí ọwọ́?"

Mo pe ilé lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi ló gbé e.

"Ta ló wà lẹ́yìn Màmi nínú fọ́tò yẹn?"

"Lẹ́yìn báwo? Kò séèyàn kankan o, Bọ̀ọ̀dá mi. Aṣọ àga ni." Ó yára jù. "Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra yín."

Ìyá mi gbà á. Ohùn rẹ̀ rọra ń bọ̀, bí ẹni tó ń yan ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé. "Ara mi le, ọmọ mi. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ, mà."

"Ṣé ò ń jẹun dáadáa?"

"Mò ń jẹun, mà."

"Ó dára. Má ṣe wàhálà."

Ìyàwó mi ní kí n lọ. Ó ní, "Daddy, ẹ lọ wo Màmi. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wà." Òótọ́ ni, ó wà. Ojú tí màá gbé lọ ni kò sí. Ẹni tí ìyá mi ń retí, inú coverall ló wà, níwájú ilé gíga. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ara tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ wọlé tọ̀ ọ́? Mo ní ó di December. Wọ́n ń sọ pé epo máa gbéra nígbà yẹn, wọ́n á pè wá padà, màá wá lọ bí mo ṣe rí nínú àwòrán.

Wọn ò pè wá padà. Ọ̀sán Tuesday kan nínú November, mo sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo ṣílẹ̀kùn ilé wa. Bàtà ọkùnrin mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọ̀nà, bàtà dúdú tó ń dán, snow ń yọ́ lára wọn. Mo wo bàtà yẹn. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́jọ́ iṣẹ́, lọ́sàn-án. Ní ìran tiwa a kì í túfọ̀ ìyá ẹni fún ẹni lórí fóònù. Wọ́n á kọ́kọ́ pe ìyàwó rẹ̀, wọ́n á kó àgbà jọ. Mo gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn láti pálọ̀: "Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó." Mi ò wọlé. Mo jókòó sáàárín bàtà wọn níbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá mi. Mo dé àárín, èémí mi gé. Kò sẹ́ni tó gbà á lẹ́nu mi.

Mo lọ sílé lọ sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn èèyàn ti tú ká, èmi àti àbúrò mi jókòó sí yàrá rẹ̀. Mo bi í léèrè.

"Ọwọ́ mi ni, Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní. "Mo lóṣòó sẹ́yìn àga, mo fi aṣọ bo ara mi. Láti ìgbà òjò ni rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Wọn ò lè dá jókòó."

"Ẹ ò lè sọ fún mi?"

"Àwọn ni wọ́n ní ká má sọ."

Ó dìde, ó mú álúbọ́ọ̀mù ìyá mi jáde. Wọ́n ti tẹ fọ́tò coverall mi, ó wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Àbúrò mi ò wò mí bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ọjọ́ tí fọ́tò yìí dé, wọ́n mú un dání títí. Wọ́n ní, 'Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí.' Mo ní, 'Ẹ wò ó nínú aṣọ iṣẹ́, mà.' Wọ́n ní, 'Aṣọ náà ni mò ń wò. Bí wọ́n ṣe ká a nínú ọ̀rá ṣì hàn láyà ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ epo?' Wọ́n wá ní ká má dà yín láàmú, pé ohun tó wà lọ́rùn yín ti tó. Wọ́n ní ká wọ léèsì fún àwọn, ká ya tiwọn náà."

Mo gbé fọ́tò náà sún mọ́ fèrèsé. Òótọ́ ni. Ìlà mẹ́ta lọ gbọọrọ láyà mi, méjì dábùú. Mo ti wo fọ́tò yẹn kí n tó fi ránṣẹ́, mi ò rí wọn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń sanwó fún ojú mi. Arúgbó tí ara rẹ̀ ti rọ lápá kan, lórí ibùsùn ní Ìkìrun, ló kà á bó ṣe rí gan-an, tó sì fi í ṣe ìdí tí kò fi pè mí. Bí mo bá ti fi ojú mi nìkan ránṣẹ́, bí ọmọ mi ṣe wí, bóyá ì bá ti ní kí n máa bọ̀.

Mo padà sí Calgary, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò ìyá mi ṣì wà lórí tábìlì níbi tí mo fi í sí. Màmá wá bá mi nídìí rẹ̀. Ó gbé páálí funfun lé e, ó fi rúlà lé apá òsì.

"Tí mo bá gé e dé ibí," ó ní, "ó máa bo ìka yẹn. Ìyá ẹ nìkan ló máa hàn."

Mo fi ìka mi sún rúlà rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yẹn hàn, mà. Ọwọ́ àbúrò mi ni."

Ó gbà. Ọwọ́ tirẹ̀ ń gbọ̀n, torí náà èmi ni mo gé e, òun ló di rúlà mú. Nígbà tí a tì í sínú férémù tán, ó gbé e jókòó sórí pẹpẹ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè gbẹ. Ó wọ ẹ̀yìn lọ. Mo gbọ́ bí kẹ́tù ṣe ń hó. Ó jáde pẹ̀lú ife tíì kan, mo nawọ́ láti gbà á, mo rò pé èmi ló wà fún. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gbé e síwájú ìyá mi, ó tẹrí ba, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo dúró tì í títí tíì náà fi tutù.